Àbẹ̀kẹ́, Má Tíì Da Ìgbẹ́ Adìẹ Yẹn Sórí Ilẹ̀

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́rú.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí mo tún fi ṣe ọ̀rẹ́,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ìyá ọkọ rẹ tó fún ọ nílẹ̀. Ìkíni tó gùn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò lè dúró de ìkíni. Àpò ìgbẹ́ adìẹ méjìlá tí o ní ẹ fẹ́ dà sórí ilẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, má dà á. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ dà á. Bí wọ́n bá ti tú àpò kan, ẹ kó o padà sínú rẹ̀. Kọ́kọ́ ka ìwé yìí tán ná.

Mo mọ ohun tí wàá sọ. "Ṣebí ẹ pè mí lánàá, Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nígbà yẹn?" Òótọ́ ni. Mo pè ọ́, inú rẹ ń dùn, o ní ilé adìẹ kan lẹ́yìn Sábó ni ẹ ti rí i, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ adìẹ, pé ó ṣì ń rú èéfín láàárọ̀, pé èyí tó gbóná ló lágbára. Ẹnu mi wúwo. Mo ní, "Ẹ rọra ṣe é o." O ní, "Mo ti gbọ́, mà," o sì gé fóònù.

Ohun tó mú mi gbé kálàmù kò ju ẹyọ kan lọ. Ohùn mi ni mo fi ba ilé ẹnì kan jẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, lórí òkìtì ìgbẹ́ adìẹ bí irú èyí tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ yẹn. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá lágbára, mi ò fọkàn tán ohùn mi mọ́. Fara da bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ìwé méjì péré ni mo kà ní girama, o sì mọ ìdí rẹ̀. Bó o bá gbàgbé, jẹ́ kí n rán ọ létí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé mo lè sín ènìyàn jẹ. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ a máa ní kí n ṣe bí wòlíì ìjọ wa, kí n ṣe bí oníkẹ̀kẹ́ tó ń pe èrò tí imú ń dí. Èérún tó kù nínú ohun tí mo ní tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Lọ́mọdé, ohùn ẹnikẹ́ni tí mo bá ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì ti di tèmi. Mo lè dúró lẹ́yìn ògiri kí n fi ohùn ọkọ pe ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà á sáré gbé omi ìwẹ̀ jáde, kò ní bá ẹnì kankan. Ọjọ́ tí mo dé ìdí fèrèsé olùkọ́ àgbà wa, mo fi ohùn rẹ̀ tó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń jẹ ẹ̀kọ gbígbóná sọ pé, "Gbogbo kíláàsì, ẹ máa lọ sílé. Àwọn tíṣà ní ìpàdé." Kíláàsì mẹ́rin ti gba ẹnu ọ̀nà jáde kí wọ́n tó mú mi. Bí mo ṣe kúrò nílé ìwé nìyẹn. Mi ò sunkún. Gbogbo àdúgbò ló ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn sì dùn mọ́ mi ju ìwé lọ.

Ìmọ̀ràn kìíní nìyí, kí n tó gbàgbé. Bí o bá ní ẹ̀bùn kan tí àwọn ènìyàn ń torí rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣọ́ ọ ju ìkòkò iná lọ. Kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí lórí rẹ̀ títí yóò fi jó nǹkan.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló tọ́ mi. Ìwọ ò bá a láyé. Ó ní ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé níbi tí àwọn ará ọ̀dọ̀ wa kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù sí báyìí: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ata, ilá díẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ gidi látìbẹ̀rẹ̀. Yangí ni, tí ọkọ́ bá kàn án á máa dún. Òun ló fi ajílẹ̀ sọ ọ́ di ilẹ̀dú tí ìka máa ń wọ̀ láìfi agbára. Òkìtì méjì ló máa ń ní lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, èyí tó ti jẹrà tó ti di erùpẹ̀. Ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ, ìgbẹ́ adìẹ àti pòròpórò àgbàdo àti èèpo ẹ̀gẹ́, tó ń gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe.

Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ bu òkìtì kankan títí Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ yóò fi ki apá bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Á dúró bẹ́ẹ̀, á pa ojú dé. Á fa ọwọ́ yọ, á gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ti tutù, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, á ní, "Ó ti sùn." Bí kò bá tíì sùn, á nu ọwọ́ sára ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, á wọlé láìsọ nǹkan kan. Gbogbo ilé mọ òfin yẹn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yí òkìtì ọwọ́ ọ̀tún lọ́rọọrún. Màá fi ṣọ́bìrì gbé ti inú síta, ti ìta sínú. Ó ń rùn, ó ń tani lójú, ìdin ń jáde lára rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi sì ti sọ mí ní Ìyálóde Ààtàn. Mo kórìíra òkìtì yẹn bí ẹni kórìíra orogún ìyá rẹ̀.

Ìyá Àgbà ní ọmọbìnrin kan tó gbẹ̀yìn, àbúrò ìyá mi, Àdùkẹ́. Àǹtí Àdùkẹ́ ni mò ń pè é. Kò tíì pé ọdún kan tó relé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ìwọ náà wà yìí. Nínú ilé tó wọ̀, ẹ̀bá kànga ni wọ́n ti máa ń gé ilẹ̀ fún ìyàwó tuntun. Ẹ̀fọ́ àkọ́kọ́ tó bá hù níbẹ̀, ìyá ọkọ ni yóò kọ́kọ́ fi se ọbẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àlejò ni ìyàwó ṣì jẹ́ nínú ilé. Ìwọ náà sọ fún mi pé ohun tí ìyá ọkọ rẹ fún ọ nìyẹn, ẹ̀bá kànga. Ìgbà tí o sọ ọ́ ni ara mi tutù.

Ilẹ̀ tí wọ́n fún Àǹtí Àdùkẹ́ kò dáa. Ó wá sílé láti bu ilẹ̀dú ìyá rẹ̀. Ó háyà mọ́tò akẹ́rù kan, ó kó àpò òfìfo dání. Ọ̀sán ni. Ìyá Àgbà wà ní balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó ń da omi sórí. Onímọ́tò ń fọn fèrè níwájú ilé.

"Ìyàwó, ṣé òní la máa lọ ni àbí kí n lọ sùn kí n padà wá?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ fi ara dà á. Màámi ń wẹ̀ lọ́wọ́."

"Èrò mi ní gáréèjì náà ti wẹ̀, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti fẹ́ dàgbà."

Àǹtí Àdùkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kígbe sí apá balùwẹ̀ pé, "Màámi, èwo ni kí n bù, mà?"

Omi ń dún lórí Ìyá Àgbà, kò gbọ́. Èmi wà lẹ́yìn ògiri alámọ̀ tó pààlà balùwẹ̀ àti ààtàn. Ọjọ́ yẹn gan-an ló kàn mí láti yí òkìtì. Mo rò ó pé bí òkìtì ọwọ́ ọ̀tún bá lọ, ó di oṣù mélòó kan kí òmíràn tó pọ̀ tó yíyí. Èrò mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé ohùn Ìyá Àgbà wọ̀. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, atẹ́gùn máa ń gba ibẹ̀, mo fi atẹ́gùn náà sí i.

"Àdùkẹ́, ti ọwọ́ ọ̀tún. Ó ti sùn. Ṣe kíá, má jẹ́ kí onímọ́tò bínú."

Ihò kan wà lára ògiri yẹn. Mo wo ojú rẹ̀. Mo rí i tó kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gẹ́, ó kúnlẹ̀ fún ògiri. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu iná sínú àpò.

Kò rí ìyá rẹ̀ kó ki apá bọ òkìtì. Ó mọ òfin. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe ń tani nímú. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa níhìn-ín tó máa gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ kó tún ní, "Ṣé ó dá yín lójú, mà?" A kì í ní kí àgbà tún ọ̀rọ̀ sọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, èmi ni mo tọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí rẹ̀. Ìmọ̀ràn kejì: bí ó bá di ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ohun tí yóò wọ inú rẹ̀, má gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́, ìbáà jẹ́ ẹnu mi. Kúnlẹ̀ kí wọn, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà dìde kí o ki ọwọ́ ara rẹ bọ òkìtì.

Onímọ́tò ti bá Àǹtí Àdùkẹ́ kó àpò, wọ́n sì ti lọ, kí Ìyá Àgbà tó jáde, aṣọ ìwẹ̀ láyà rẹ̀. Ó rí òkìtì ọ̀tún tó ti di ihò, ti òsì sì wà bó ṣe wà.

"Ta ló kó èyí?"

"Àǹtí ni, mà. Wọ́n ní èyí tó lágbára làwọn fẹ́."

Irọ́ kejì nìyẹn, ó sì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá Àgbà jókòó sórí odó. Ó ní iná ni ọmọ òun gbé lọ yẹn. Ó ní kí n sáré lọ sí gáréèjì. Bí mọ́tò náà bá ti lọ, kí n wá awakọ̀ mìíràn tó ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́, kó jíṣẹ́ fún un pé ìgbẹ́ yẹn ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ fún oṣù méjì, kó ṣù ú jọ síbì kan, kó fi ewé gbígbẹ lú u, kó máa yí i. Ìgbà yẹn kò sí fóònù lọ́wọ́ ènìyàn bíi tiwa.

Mo sáré. Ẹsẹ̀ mi ò fi bẹ́ẹ̀ burú, Àbẹ̀kẹ́, mo sáré gan-an. Mọ́tò rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nílẹ̀ tó kù díẹ̀ kó kún. Àwọn awakọ̀ rí mi. "Aláwàdà ti dé. Ọmọ yìí, ṣe bí alága wa." Mo ṣe bí alága wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi di ọ̀pá mú. Mo ṣe bí ìyá oníbùrẹ́dì. Mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ kún, ó gbéra, ó kọjá níwájú mi, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ṣì wà lẹ́nu mi. Mo lè kígbe. Mo rò ó pé bí iṣẹ́ yẹn bá dé, Àǹtí Àdùkẹ́ á ránṣẹ́ padà pé, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó ti sùn," àṣírí mi á sì tú. Mo pa ẹnu mọ́. Mo délé, mo ní, "Mo ti rán wọn, mà."

Ìmọ̀ràn kẹta kò ní òwe nínú. Bí o bá mọ ohun tó máa jó ẹlòmíràn, sọ ọ́ kí o tó jókòó, kí wọ́n tó gbé àga fún ọ.

Àǹtí Àdùkẹ́ da ìgbẹ́ náà sórí ebè. Ó ti lọ́ irúgbìn ata síbẹ̀, tẹ̀tẹ̀ sì ti yọ tó ìka méjì. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ewé dúdú dáadáa, ìyá ọkọ pe àwọn obìnrin ilé kejì kí wọ́n wá wo ọgbà ìyàwó òun. Lọ́jọ́ kẹrin, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí etí ìwé tí iná rà. Ó rò pé omi ló ń wá, ó bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, omi náà sì ń gbé oró yẹn wọ gbòǹgbò. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, kò sí ohun tó dúró níbẹ̀. Ilẹ̀ náà ń rùn dé inú ilé, eṣinṣin bo ẹnu kànga.

Ìyá ọkọ rẹ̀ kò pariwo. Ó kàn ní, "Ọwọ́ ẹ gbóná, ìyàwó."

Lóṣù yẹn kan náà, oyún oṣù mẹ́ta tó wà nínú Àǹtí Àdùkẹ́ wálẹ̀. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ mo bi nọ́ọ̀sì kan bóyá ọ̀kan lè fa èkejì, ó ní òun ò rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò sí nínú ilé yẹn lọ́jọ́ náà. Wọ́n so ó pọ̀. Wọ́n ní ohun tó bá fọwọ́ kàn kì í dúró. Kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó parí, ó ti padà sílé wa pẹ̀lú àpótí kan àti bẹ́ésìn tí wọ́n fi sin ín lọ sílé ọkọ.

Mo wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó dé. Mò ń ṣa ẹ̀wà, mo jókòó sáàárín àwọn méjèèjì.

"Mo ránṣẹ́ sí ọ, Àdùkẹ́."

"Ẹnì kankan ò jíṣẹ́ fún mi, Màámi. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n bu ti ọwọ́ ọ̀tún."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ wà ní balùwẹ̀. Ẹ ní ó ti sùn. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Àdùkẹ́, ìkánjú ló mú ọ. Má fi irọ́ bò ó."

"Mi ò purọ́, mà."

"Ó dáa. Èmi ni mo purọ́."

Mo ń ṣa ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ tí ì bá tú wọn sílẹ̀ kò tó mẹ́wàá. Mo ka òkúta inú ẹ̀wà dípò rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi gbé inú ilé kan náà lẹ́yìn ìyẹn. "Ẹ káàárọ̀, mà." "Káàárọ̀." Kò sí nǹkan mìíràn. Nígbà tí Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbé e lọ, ó kọ̀, kò jẹ́ kí ọmọ tó bí wẹ òun. Ó ní ọwọ́ tèmi ni òun fẹ́. Mo wẹ̀ ẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Ó ń súre fún mi bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́, Àǹtí Àdùkẹ́ sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé omi gbígbóná lọ́wọ́.

Ó yẹ kí o ti mọ ẹni tí Àǹtí Àdùkẹ́ jẹ́. Ìyá Kékeré ni. Ìyá Kékeré tó pọ̀n ọ́, tó di irun rẹ títí o fi wọ girama. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn. O rántí pé o wà lọ́mọ ọdún méje tí o bi í pé kí ló dé tí kì í gbin nǹkan kan, kódà alubọ́sà nínú agolo. Ó ní, "Ọwọ́ mi ò dáa, ọmọ mi." O rẹ́rìn-ín. Èmi jáde kúrò ní yàrá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbàkúùgbà tí wòlíì bá ní òun rí ẹnì kan tó ń pa nǹkan mọ́, pánù òrùlé ni mo máa ń wò. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti kọjá ọgbọ̀n, òtítọ́ ò bá a.

Wàyí o, ohun tí wàá ṣe nìyí. Ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Wá ibi tí igi ṣíji bò, tó jìnnà sí kànga, kí òjò má baà wọ́ ọ wọnú omi tí ẹ̀ ń mu. Orí ilẹ̀ ni o, kì í ṣe orí sìmẹ́ńtì, nítorí ekòló máa ń ti ìsàlẹ̀ gòkè. Tẹ́ pòròpórò tí o gé kéékèèké sísàlẹ̀. Da ìgbẹ́ adìẹ lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ewé gbígbẹ, kó ga ju ìgbẹ́ lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta: ewé máńgòrò, èèpo ẹ̀pà, koríko tí kò tíì so èso. Bu erùpẹ̀ díẹ̀ wọ́n ọn. Ìgbẹ́, ewé, ìgbẹ́, ewé, títí yóò fi kàn ọ́ ní àyà. Eérú ààrò dáa, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba, má da gbogbo eérú ilé sí i.

Omi rẹ̀: bu ẹ̀kúnwọ́ kan kí o fún un. Bí omi bá kán tótó bí ẹ̀jẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Bí kò bá rin ọwọ́, ó ti gbẹ jù. Kó rí bí aṣọ tí a fún tán ni. Fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí àpò àtijọ́ bò ó.

Yí i. Mo mọ̀ pé èmi ni mò ń sọ ọ́. Yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ti inú síta, ti ìta sínú. Yóò gbóná débi pé ọwọ́ rẹ kò ní lè dúró nínú rẹ̀. Ooru yẹn ló ń pa èso koríko àti àwọn kòkòrò àìsàn tó wà nínú ìgbẹ́. Má bẹ̀rù rẹ̀, má sì kánjú lé e. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Oṣù méjì, ó lè di mẹ́ta. Bó bá dẹ́kun gbígbóná lẹ́yìn tí o yí i, tí o kò mọ èwo ni ewé èwo ni ìgbẹ́ mọ́, ó kù díẹ̀.

Wọ bàtà òjò tàbí bàtà tó bo ẹsẹ̀, má wọ sálúbàtà lọ síbẹ̀. Ṣa ìgò fífọ́, ìṣó àti ọ̀rá kúrò nínú ìdọ̀tí ilé kí o tó dà á sí i. Òkìtì kò gba egungun, kò gba epo ọbẹ̀, eku ni wọ́n ń pè. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí o tó kan oúnjẹ.

Bí àwọn ará Sábó bá fún ọ ní ìgbẹ́ màlúù, gbà á, ó tutù ju ti adìẹ lọ. Ṣùgbọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí màlúù jẹ. Bó bá jẹ koríko tí wọ́n fín oògùn sí, oògùn náà lè gba inú màlúù kọjá kó wá pa ẹ̀fọ́ rẹ. Ṣe báyìí: bu díẹ̀ nínú òkìtì tó ti jẹrà sínú agolo méjì, fi erùpẹ̀ lásán sínú méjì mìíràn, gbin ẹ̀wà mẹ́ta mẹ́ta sínú gbogbo rẹ̀. Bí ti òkìtì bá lọ́ pọ̀, tí ewé rẹ̀ ká bí etí ajá, má lò ó. Agolo mẹ́rin ni o máa pàdánù, kì í ṣe ilé ọkọ.

Nígbà tó bá ti jẹrà tán, pò ó mọ́ ilẹ̀, jẹ́ kó jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó gbin nǹkan. Má rọ ọ́ mọ́ ìdí irúgbìn.

Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Wọ́n á máa wo ilẹ̀ òfìfo. Wọ́n á ní ìyàwó ń lọ́ra, ìyàwó ń fi ìgbẹ́ ṣeré. Jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní ọ̀lẹ. Orúkọ ọ̀lẹ máa ń parẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀fọ́ bá hù. Lọ bá wọn, kúnlẹ̀, ní, "Ẹ wá bá mi wò ó, mà." Mú wọn dé ìdí òkìtì. Jẹ́ kí wọ́n ki ọwọ́ ara wọn bọ̀ ọ́ nísinsìnyí tó ń gbóná, kí wọ́n tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tó bá tutù. Ohun tí ọwọ́ wọn bá ti mọ̀, ẹnu ẹnikẹ́ni ò lè yí i padà.

Ó ṣì ku ọ̀rọ̀ kan. Lánàá, lẹ́yìn tí o gé fóònù, mo lọ bá Ìyá Kékeré ní yàrá rẹ̀. Ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo sọ fún un pé wọ́n ti gé ẹ̀bá kànga fún Àbẹ̀kẹ́, pé ìgbẹ́ adìẹ tuntun ló fẹ́ dà sí i. Ó ní, "Ní kó má dà á." Mo wá kúnlẹ̀, mo sọ ìyókù.

Kò dá iṣẹ́ dúró. Ó bó ẹ̀gúsí bí ogún kó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣe é kí n gbọ́."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Ohùn Màámi. Ṣe é kí n gbọ́."

Mi ò tíì ṣe ohùn yẹn láti ọjọ́ náà. Mo rò pé ó ti kú lọ́fun mi. Kò kú. Ó jáde pẹ̀lú atẹ́gùn eyín rẹ̀.

Ó wo ẹnu mi. Ó ní, "Òun gan-an nìyẹn." Ó tún ní, "Màámi kú, òpùrọ́ ni wọ́n mọ̀ mí sí." Lẹ́yìn náà ó ní kí n dìde, kí n jọ̀ọ́, òun fẹ́ sùn.

Láàárọ̀ yìí, yàrá rẹ̀ ti di gbígbá, ẹní ti di kíká. Ó kó àpótí rẹ̀ lọ. Oníkẹ̀kẹ́ iwájú ilé ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun gbé e dé. Kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́ àfi ìwọ. Ará ìjọ wa tó ń wa mọ́tò ọ̀nà ibẹ̀ ló mú ìwé yìí bọ̀, bóyá Ìyá Kékeré yóò ti ṣáájú rẹ̀ dé.

Bí ó bá wá sọ́dọ̀ rẹ, gbà á wọlé. Fún un ní ibùsùn tó dáa, má bi í ní ìgbà tí yóò lọ. Bí ó bá bi ọ́ bóyá o ti gbọ́, ní o ti gbọ́. Bí ó bá fẹ́ rí ilẹ̀ náà, mú un lọ. Bí kò bá fẹ́, má rọ̀ ọ́. Má pè mí sórí fóònù kí n bá a sọ̀rọ̀, mi ò ní lè mọ ohùn tí màá fi sọ ọ́.

Má sì bá mi bẹ̀ ẹ́.

Èmi tí mo bí ọ,
Màámi rẹ.